Ṣé kí n sanwó fún kóòṣì ìgbésí ayé? Ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ilé àti ìnáwó ọjọ́ Sátidé

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín. Akáǹtáǹtì ni mí ní iléeṣẹ́ kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wọlé, èmi àti àwọn ìbejì la sì jọ ń gbélé láàárín ọ̀sẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n fi mí ṣe olórí ẹ̀ka ìṣirò owó. Owó oṣù mi pọ̀ sí i, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mi ò ti ní àkókò kankan tí mo lè pè ní tèmi mọ́. Bí mo bá gbé èbà kalẹ̀ fún àwọn ọmọ lálẹ́, fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí tábìlì, ọ̀gá àgbà ni yóò máa béèrè ìwé ìṣirò lórí WhatsApp. Àwọn ọmọ ti dá ìró ìránṣẹ́ rẹ̀ mọ̀. Kèhìndé a nu ọwọ́ rẹ̀, a gbé fóònù náà lé mi lọ́wọ́ kí n tó dìde, a sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀ láìsọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Sátidé wá di ọjọ́ ìnáwó pátápátá. Òkú lè wà ní Ìkẹ́nnẹ́, kí ìgbéyàwó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ìkómọjáde tún wà ní Òdógbolú, kí gbogbo wọn sì bọ́ sínú oṣù kan náà, pẹ̀lú aṣọ ẹbí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọjọ́ Ìsinmi bá fi máa parí, ó ti rẹ̀ mí ju bí ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ Jímọ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló mú mi mọ obìnrin kan tó ní kóòṣì ìgbésí ayé ni òun. Ó ní òun yóò ràn mí lọ́wọ́ láti mọ ohun tí mo ń fẹ́ nínú ayé mi gan-an, kí iṣẹ́ má sì pa ilé lára. Ó fẹ́ kí n san ₦200,000 lẹ́ẹ̀kan náà fún oṣù mẹ́ta. Kò sọ iye ìgbà tí a ó máa bára wa sọ̀rọ̀, kò sì sọ ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ náà. Kí ni irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣe ní pàtó? Kí ni wọ́n mọ̀ tí àǹtí mi tí wọ́n bí ìyá mi lé kò lè sọ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ti ṣe é rí dá mi lóhùn.

Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnira, Ọlọ́run á mú un rọrùn. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní agbègbè wa, mo sì ti bá kóòṣì ṣiṣẹ́ rí. Orí fídíò la ti ń bára wa sọ̀rọ̀, ní alẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdeé.

Mo rò pé yóò sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi ni. Ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n ya òbìrípo kan sórí ìwé, kí n pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ: iṣẹ́, owó, ìlera, ìdílé, ọ̀rẹ́, ìgbàgbọ́, ìsinmi àti ẹ̀kọ́. Ó ní kí n fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì láti oókan dé ẹẹ́wàá, bí ó ti tẹ́ mi lọ́rùn tó. Lẹ́yìn náà ló ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ sílẹ̀, wákàtí dé wákàtí. Mo fi bírò pupa kọ iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún, mo fi búlúù kọ ti ilé, mo sì fi dúdú kọ gbogbo èyí tí mò ń ṣe nítorí pé ojú ń tì mí láti kọ̀ ọ́. Nígbà tí mo gbé ìwé náà síwájú kámẹ́rà, kò sí ẹni tó nílò àlàyé nínú àwa méjèèjì, dúdú ti bo ìdajì rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀: ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ìgbìmọ̀ ìkọ́lé mọ́ṣáláṣí, ìgbìmọ̀ ìlú.

Kò ní kí n fi ìkankan sílẹ̀. Ó kàn bi mí pé, ‘Bí ẹ kò bá lọ sí ìpàdé tó ń bọ̀, ta ni yóò ṣe iṣẹ́ yín níbẹ̀?’ Mo ronú títí, mo sì dárúkọ ọ̀dọ́kùnrin kan tó ti ń wá àǹfààní láti ṣe akọ̀wé. Ó wá bi mí ìgbà tí mo máa bá a sọ̀rọ̀. Mo dá ọjọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí a sì tún pàdé, ohun tó kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Àǹtí yín lè fún yín ní ìmọ̀ràn tó dára ju èyí lọ. Àmọ́ ó ṣòro kí ó jókòó fún odidi wákàtí kan láìmú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wọ inú rẹ̀.

Bàbá Olóbì, Ṣàgámù

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Obì ni mò ń tà ní Sàbó láti ìgbà èwe mi, mo sì ti rí àwọn ènìyàn tí iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò ọkàn mi láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹni tí nǹkan bá rú lójú, àgbà ilé ló máa ń lọ bá. Bí kò bá fẹ́ kí ilé gbọ́, ó ní ẹgbẹ́. Kí ni a ṣe ń kó ara wa jọ ní ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà, tí àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde ń pè ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, bí kì í bá ṣe kí ojúgbà ẹni lè wo ojú ẹni kí ó sì sọ òótọ́? Ẹ má wo kìkì aṣọ àti ẹṣin tí wọ́n ń gbé jáde ní Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Láàárín ọdún, àwọn náà ló ń lọ wo ara wọn lọ́jọ́ àìsàn, àwọn ló sì ń bá ọkùnrin tí kò gbélé mọ́ wí.

Ìsinmi pàápàá, a ní ètò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjà ìgbèríko wa, ọrún-ọrún ni wọ́n ń ná an, gbogbo ènìyàn sì mọ ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Ó dùn mí pé ẹ óò san owó tó tó báyìí fún ẹni tí kò mọ ilé baba yín, kí ó lè béèrè ohun tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín lè béèrè lọ́wọ́ yín.

Adékóòṣì, Ìjẹ̀bú-Òde

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ohun tí ẹ sọ nípa ẹgbẹ́, n kò sì rò pé kóòṣì kankan lè rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí ó ti yàtọ̀ hàn.

Ẹ jẹ́ ká ní Ìyá Ìbejì fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun sọ̀ kalẹ̀ sí ipò tí wàhálà rẹ̀ kéré, tí owó rẹ̀ sì kéré. Bí ó bá bi àǹtí rẹ̀, àǹtí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé Ìyá Ìbejì ló ń san owó ilé-ìwé ọmọ àǹtí náà. Bí ó bá bi ọkọ rẹ̀, owó ilé tí wọ́n jọ ń kọ́ wà lọ́kàn ọkọ. Bí ó bá bi ojúgbà rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, ojúgbà náà ń retí owó ìdáwó. Kò sí ẹni ibi nínú wọn, gbogbo wọn kàn ní ohun tí ìdáhùn rẹ̀ máa gbà lọ́wọ́ wọn tàbí tí ó máa fi fún wọn ni. Kóòṣì tó mọṣẹ́ kò ní ìpín kankan nínú rẹ̀, bóyá ó dúró, bóyá ó kúrò. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń kọ́ wa pé kí a má gba iṣẹ́ mọ̀lẹ́bí wa.

Ní ti bí ẹ ṣe lè dá ẹni tó mọṣẹ́ mọ̀: ẹnikẹ́ni ló lè jí lónìí kí ó pe ara rẹ̀ ní kóòṣì, nítorí náà ẹ béèrè ẹ̀rí. Ẹgbẹ́ tó lókìkí jù lágbàáyé lórí iṣẹ́ yìí ni International Coaching Federation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1995. Ìpele mẹ́ta ni ìwé ẹ̀rí wọn. Ẹni tó fẹ́ gba ti ìsàlẹ̀, ACC, gbọ́dọ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí 60 ó kéré tán, kí ó sì ti bá ènìyàn ṣiṣẹ́ fún wákàtí 100. Ti àárín, PCC, ń béèrè wákàtí ẹ̀kọ́ 125 àti wákàtí iṣẹ́ 500. Ti òkè pátápátá, MCC, ń béèrè wákàtí ẹ̀kọ́ 200 àti wákàtí iṣẹ́ 2,500. Ẹ lè rí kóòṣì dáadáa tí kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí o, àmọ́ ẹni tí kò lè sọ ibi tó ti kọ́ṣẹ́, ẹ má san kọ́bọ̀ fún un.

Ẹ tún béèrè ìwé àdéhùn. Ó gbọ́dọ̀ sọ iye ìgbà tí ẹ óò pàdé, bí ìpàdé kọ̀ọ̀kan yóò ṣe gùn tó, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó yín bí ẹ bá fẹ́ dáwọ́ dúró, àti pé ọ̀rọ̀ yín kò ní jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀kẹrin yìí ṣe pàtàkì gan-an ní ìlú tí gbogbo wa ti mọ ara wa.

Ọ̀nà tí Olùkọ́ ṣàpèjúwe bá èyí tí John Whitmore, ará Ìlú Ọba tó ti fi ọkọ̀ díje rí, tàn kálẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1992 mu. Ẹ ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ ń fẹ́, ẹ ó wo bí nǹkan ṣe rí báyìí, ẹ ó wá ọ̀nà oríṣiríṣi, lẹ́yìn náà ni ẹ ó sọ èyí tí ẹ máa ṣe àti ọjọ́ tí ẹ máa ṣe é.

Nọ́ọ̀sì, Ìlíṣàn

Kí ọ̀rọ̀ owó tó jìnnà jù, Ìyá Ìbejì, ara yín ńkọ́? Ẹ sọ pé bí ọjọ́ Ìsinmi bá fi máa parí, ó ti rẹ̀ yín ju ti ọjọ́ Jímọ̀ lọ. Gbólóhùn yẹn ló mú mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wàhálà ibi iṣẹ́ bá pẹ́ lára ènìyàn láìsí àbójútó. Wọ́n ní àárẹ̀ á mú un pátápátá, ọkàn rẹ̀ á kúrò lára iṣẹ́ náà tàbí kí iṣẹ́ náà máa bí i nínú, iṣẹ́ tó sì máa ń mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro fún un. Wọn kò pè é ní àìsàn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ní 2021, àjọ yìí kan náà àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde tó ń dẹ́rù bà mí títí di òní. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 35 sí 40. Ewu pé kí àrùn ọkàn pa á náà fi ìdá 17 ga jù. Ẹ ka wákàtí yín, kí ẹ sì ka ti alẹ́ tí ẹ fi ń dáhùn WhatsApp mọ́ ọn, iṣẹ́ ni.

Ẹ lọ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín wò lọ́sẹ̀ yìí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kì í rí oorun sùn, tí nǹkan tó ń mú inú yín dùn tẹ́lẹ̀ kò mú un dùn mọ́, tí ó sì ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà ni kí ẹ lọ bá, kì í ṣe kóòṣì. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ni OOUTH wà ní Ṣàgámù níbẹ̀, Àró sì wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Àró dẹ́rù bà yín. Láti 1954 ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ènìyàn níbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ló ń ti ilé wá tí wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

Adékóòṣì, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì. Kóòṣì tó bá rí irú àmì bẹ́ẹ̀ tí kò sọ pé kí ẹ lọ rí dókítà, ẹ sá fún un.

Agbẹjọ́rò kan, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ jọ̀wọ́, apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Ọ̀gá tó ń pe òṣìṣẹ́ lóru kì í ṣe ìṣòro tí òṣìṣẹ́ náà lè fi ìrònú jinlẹ̀ yanjú. Mo ti rí iléeṣẹ́ tó ń gbé kóòṣì wá kí àwọn òṣìṣẹ́ lè kọ́ bí a ṣe ń fara da ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fara dà.

Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, tó ti wà láti 1974, sọ ní abala 13 pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje, tí kò ní dín ní wákàtí 24 léraléra. Ẹni tó bá sì ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní àkókò ìsinmi láàárín rẹ̀ tó tó wákàtí kan lápapọ̀. Abala 18 fún un ní ìsinmi ọdọọdún tí kò dín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú owó, lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ àwọn tó wà ní ipò alákòóso àti àwọn onímọ̀ṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀yin Ìyá Ìbejì sì lè bọ́ sí abẹ́ ìyẹn nítorí ipò yín tuntun. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín ni kí ẹ gbé jáde. Ẹ wo ohun tó sọ nípa wákàtí iṣẹ́ àti ìsinmi, ní pàtàkì èyí tí wọ́n fún yín nígbà ìgbéga. Àwọn kan ń fọwọ́ sí i láìkà á, nítorí ayọ̀.

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, bàbá àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ka wákàtí mi bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí, ó kọjá 55 dáadáa. Ìfúnpá mi ga díẹ̀, dókítà sì ti ní kí n padà wá. Mo bi obìnrin yẹn ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Ó ní ìmísí ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi sílẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé ló kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá mi lóhùn lé. Bí mi ò bá yọjú síbi òkú, wọ́n á ní owó ti ń pa mí. Ìyá ọkọ mi kò ní sọ ọ́ sójú, ṣùgbọ́n n ó gbọ́ ọ láti ẹnu ẹlòmíràn. Inú mi sì máa ń dùn níbẹ̀ nígbà mìíràn, n kò ní purọ́. Mi ò fẹ́ di ẹni tí kì í bá ènìyàn ṣe.

Àǹtí Aláṣọ, Òkè-Àjẹ́

Ọmọ mi, èyí ni èmi mọ̀ ọ́n sọ. Aṣọ ẹbí ni mò ń tà, gbogbo ìnáwó tó ń ṣẹlẹ̀ láti ibí dé Ẹ̀pẹ́ ni mo máa ń gbọ́, bí mo bá sì ń lọ sí gbogbo rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi ì bá ti kú.

Ẹ jókòó pẹ̀lú ọkọ yín ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí ẹ kó gbogbo káàdì sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Òkú òbí ẹnikẹ́ni tó súnmọ́ yín, ti ilé ọkọ, àti ti ẹni tó wá bá yín ṣe tiyín, ẹ ó fi ẹsẹ̀ ara yín lọ sí ìwọ̀nyí. Gbogbo èyí tó kù, owó ni kí ó lọ. Ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú ìgbà tí owó náà bá dé. Owó tó dé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìnáwó, nígbà tí wọ́n ṣì ń wá owó màlúù, wọn kò ní gbàgbé rẹ̀ láé. Èyí tó dé lẹ́yìn ìnáwó, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n máa kà á sí. Kí ẹ sì fi ohùn ara yín pe ẹni tó ni ìnáwó. Ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ pè é ní àárọ̀ kùtù ọjọ́ náà gan-an, kí àwọn ènìyàn tó dé, ẹ gbàdúrà fún un. Ó máa sọ fún gbogbo ilé pé ẹ pè.

Ibi tí ẹ bá sì lọ, kò pọn dandan kí ẹ dúró di alẹ́. Ẹ lọ síbi ìsìn òkú, ẹ kí olóòkú, ẹ jẹ́ kí ìyá ọkọ yín rí yín níbẹ̀, kí ẹ sì máa lọ kí àwọn olórin tó gbé irinṣẹ́ dé. Ní ti aṣọ, ẹ yan méjì lọ́dún tí ẹ máa rà. Èmi tí mò ń tà á ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Olóbì, Ṣàgámù

Àǹtí Aláṣọ ti sọ ọ́ bó ṣe yẹ. N ó fi ẹyọ kan kún un. Kí ó tó di pé ìyá ọkọ rẹ gbọ́ ọ níta, ìwọ àti ọkọ rẹ ni kí ẹ lọ bá a nílé, ẹ mú nǹkan dání, kí ọkọ rẹ sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé dókítà ti rí nǹkan nínú ara rẹ, òun ló sì ní kí o dín ìrìn kù. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ẹnu ọmọ rẹ̀ jáde, òun gan-an ni yóò máa gbà ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Ohun tí mo ń bẹ̀rù lọ́dọ̀ àwọn kóòṣì yín nìyí: wọ́n á sọ pé kí ènìyàn kọ́ bí a ṣe ń kọ̀. Níbí, gbogbo wa la máa ń kọ nǹkan, ọ̀nà tí a ń gbà kọ̀ ọ́ ni kò jọra.

Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Igbó

Bàbá, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ọ̀dọ̀ àgbà ẹbí ni èmi náà ti gbọ́ bí mo ṣe lè sọ fún àwọn ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí pé mo ń lọ. Kóòṣì ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mo fẹ́ lọ.

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù

Mo ti rí ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló sọ pé iṣẹ́ ń parí, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan nípa alẹ́ tàbí òpin ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, n ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà pé kí ìbéèrè ìṣirò máa dé kí iṣẹ́ tó parí, àti pé kí a kọ́ igbákejì mi kí ó lè máa dáhùn nígbà tí n kò bá sí nítòsí. Ọkọ mi ti gbà láti lọ bá ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo bá ti padà lọ rí dókítà, mo ṣì fẹ́ bá kóòṣì kan tó ní ìwé ẹ̀rí sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ bóyá mo fẹ́ ipò yìí rárá kò tíì yanjú lọ́kàn mi, n kò sì fẹ́ kí ẹbí gbọ́ ọ báyìí. Adékóòṣì, ṣé ó ṣeé ṣe kí n máa san án díẹ̀díẹ̀?

Adékóòṣì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ó ṣeé ṣe dáadáa, ọ̀pọ̀ wa ló ń gbà á lóṣooṣù tàbí fún ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ béèrè fún ìjókòó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó san ohunkóhun, ẹ bá ẹni méjì tàbí mẹ́ta sọ̀rọ̀, kí ẹ sì yan ẹni tó jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Nítorí pé ẹ kò fẹ́ kí ẹbí gbọ́, ẹ wá ẹni tí kò gbé ní Rẹ́mọ. Èmi náà kò yẹ kí n jẹ́ kóòṣì yín, ìyàwó mi mọ ilé ọkọ yín.

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù

Ẹ ṣeun gan-an. N ó wá ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó, lórí fídíò, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Tọ́sìdeé, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn.